Èmi Ni Áńgẹ́lì Tó Ń Tan Iná ní Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

Àdímìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Èmi ni áńgẹ́lì tó ń dá ìyá ọkọ mi lóhùn tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Mo mọ̀ pé ó máa pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín nígbà kan. Ní báyìí Mama ti pa òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tì nítorí iná tí wọ́n rò pé ọ̀run ló ti wá, wọ́n tún wà nínú ààwẹ̀.

Inú estate kan ní Ṣàngótẹ̀dó ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi àti ìyá ẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni Mama ń lọ, èmi àti ọkọ mi ń lọ sí ìjọ tiwa. Eleko ni Mama ti wá bá wa nígbà tí BP wọn ń ga. Ọkọ mi ra hub, àpótí funfun kékeré kan tó ń darí gbogbo gílóòbù ilé, ó ní èmi tí mo mọ computer ni kí n so ó pọ̀ mọ́ fóònù mi, kí n lè máa tan iná kí n sì máa wo kámẹ́rà láti office. Ó kọ̀, kò connect! Mo scan code ẹ̀yìn ẹ̀ títí ojú fi ń ro mí, mo reset ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kó tó gbà... mi ò mọ̀ pé bí mo ṣe ń reset ẹ̀ ni gílóòbù yàrá Mama ń ṣẹ́jú, tó ń di búlúù. Mama sì wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú sùtánà wọn, àbẹ́là nìkan ni wọ́n tàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìjọ wọn, ẹ mọ̀ pé àwọ̀ kì í ṣe nǹkan eré lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n sáré jáde, wọ́n wólẹ̀ ní corridor, wọ́n ní áńgẹ́lì bẹ àwọn wò. Kí ló dé tí mi ò sọ pé gílóòbù ni? Inú wọn ń dùn ni o... mo ní kí n má ba ayọ̀ wọn jẹ́. Mo gbé ẹ̀rín mi wọ kitchen lọ.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an rèé. Mama bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wá lẹ́nu pé ká máa bá àwọn lọ sí vigil ní gbogbo Friday, ọkọ mi tí kì í lè sọ pé rárá fún ìyá ẹ̀ sì ti fẹ́ gbà. Èmi tí mò ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí n tó lè débi iṣẹ́! Lọ́jọ́ kan ní office, mo ṣí kámẹ́rà corridor, ó máa ń gbé ohùn, mo gbọ́ tí Mama ń gbàdúrà sókè pé bí Olúwa bá fẹ́ kí àwọn fi wá sílẹ̀, kó tan ìmọ́lẹ̀ búlúù yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi... mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù mi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mama ò sọ̀rọ̀ vigil mọ́. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Nígbà tí tùràrí wọn ń fún mi ní ikọ́ nínú parlour, tí wọ́n béèrè bóyá kí àwọn gbé e kúrò níbẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ mi fi choir ìjọ wa sílẹ̀, tí wọ́n ní kí iná tàn bí Olúwa ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó wá mọ́ mi lára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Mama kó gbogbo òògùn BP wọn sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí n bá àwọn dà á nù. Wọ́n ní àwọn ti béèrè lọ́wọ́ Olúwa ní àdúrà aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Tuesday, iná sì tàn. Èmi kọ́ o, inú meeting ni mo wà ní Tuesday! Mo sáré ṣí app... àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣètò ẹ̀ pé tí fóònù ọkọ mi bá ti sún mọ́ gate estate, kí iná parlour tan fúnra ẹ̀. Àṣé nígbà tí mò ń kó àwọn gílóòbù wọnú fóònù, mo ti fi ti yàrá Mama pọ̀ mọ́ ti parlour. Búlúù tí mo fi sí náà ló ṣì wà. Ọkọ mi ló dé gate. Gbogbo ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ... ọkọ mi ló tètè ti ibi iṣẹ́ dé.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún béèrè, wọ́n ní a kì í bi Olúwa ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo tan iná pupa sí wọn, mo rò pé ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n ní ọ̀tá ló ń bínú sí ìlérí, wọ́n fi ọjọ́ méje kún ààwẹ̀. Omi àti ọsàn díẹ̀ ni wọ́n ń fẹnu kàn ní ìrọ̀lẹ́. Mo pe nọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò, ẹ̀rọ ẹ̀ kà á sí 190 lókè, obìnrin yẹn ní ká máa gbé wọn lọ hospital lójú ẹsẹ̀, Mama fi ẹ̀rín lé e jáde. Ọkọ mi ti rìnrìn àjò iṣẹ́ lọ Port Harcourt, tó bá ti pè, Mama á ní ara àwọn le koko.

Àárọ̀ yìí ni mo wọlé lọ bá wọn láti jẹ́wọ́. Ojú wọn ti wú, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Kí n tó la ẹnu, wọ́n fà mí jókòó lórí ẹní, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi níkùn. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò tíì bímọ, Mama ò sì fi gún mi lára rí lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ohun tí àwọn béèrè ní Tuesday nìyẹn. Pé bí àwọn bá gbé òògùn àwọn sílẹ̀, tí àwọn fi ara àwọn jìn, ṣé ìyàwó àwọn á gbé ọmọ pọ̀n? Iná sì tàn. Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún ọkọ mi, kí ọkàn ẹ̀ má bàa dàrú.

Mo dìde, mo jáde láìjẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á lówe fún mi pé irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, mo mọ̀ ọ́n. Ṣé Mama ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí ọkọ mi? Tí mo bá sọ, ọkọ mi á mọ̀ pé mo ń fetí kọ́ àdúrà ìyá ẹ̀, mo sì ń fi orúkọ Ọlọ́run dá a lóhùn. Tí mi ò bá sọ, Mama á kú nítorí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí ẹ̀ fún wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú wọn kí n ní kò sẹ́ni tó dáhùn? Nítorí nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi níkùn tí wọ́n ń gbàdúrà, èmi tí mo mọ̀ pé gílóòbù ni, mo ṣe àmín. Mo ṣe é tọkàntọkàn, tẹkúntẹkún. Mò ń gbọ́ wọn nínú yàrá báyìí, wọ́n ń kọrin, ohùn wọn ò sì fẹ́ jáde mọ́... Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?