Orúkọ Ẹni Tó Lè Wá Mú Ọmọ

Bàbá mi, ẹni tó ni mí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, n kò sì kọ nǹkan kan sí yín rí. Mo rò pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹkún ni n ó fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ mi, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Mo ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì tí mò ń ṣe ní Oniru sílẹ̀. Ẹ má bínú. Mo ti dá kíláàsì kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní àdúgbò Abraham Adésànyà, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé màmá àgbàlagbà kan tó gbà mí láyè. Yorùbá ni mò ń kọ́ wọn láàárọ̀ Sátidé. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ ni, tí wọn kò lè bá ìyá àgbà wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A máa ń kàwé, a máa ń pa àlọ́, a máa ń ya àwòrán ohun tí a bá kà. Àwọn méjìlá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ bá fẹ́ràn wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Móyọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló máa ń mú un wá, òun náà ló máa ń wá mú un lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a kò tíì parí tán nígbà tí ọkùnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó múra dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí Móyọ̀ ṣe rí i báyìí, ó sáré lọ fò mọ́ ọn, ó ń pè é ní Dádì.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mo wá mú ọmọ mi."

Mo fún un ní báàgì ọmọ náà àti ike omi rẹ̀. Mo tún juwọ́ sí wọn.

Kò pé ìdajì wákàtí tí ìyá Móyọ̀ fi dé. "Àǹtí, Móyọ̀ dà?" Mo ní dádì ẹ̀ ti wá mú un. Bàbá, obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé òun àti ọkọ rẹ̀ kò gbé pọ̀ mọ́, pé ọkùnrin náà ti kó lọ sí Ibeju-Lekki, nítòsí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. A pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. A tún pè é, kò wọlé.

Nígbà tó yá, ó wò mí lójú. "Ta ló sọ fún yín pé kí ẹ fún un lọ́mọ?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín, mo rí i tí ọmọ fò mọ́ ọn, mo sì rò pé ó tó.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́rin kí ọkùnrin náà tó dá ọmọ padà. Etí òkun ló mú un lọ, bátìrì fóònù rẹ̀ ló kú. Iyanrìn kún orí Móyọ̀, inú rẹ̀ ń dùn, kò mọ ohun tí ojú wa ti rí. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra, ó sì lọ láìkí mi. N kò bá a wí.

Ẹ̀yin ni mo ń rò ní gbogbo wákàtí yẹn, Bàbá. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi ṣọ́ géètì ilé ìwé yẹn ní Ajah, kò sí ọmọ kan tó gba ọwọ́ yín jáde pẹ̀lú ẹni tí kò yẹ. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ yín. Ẹ mọ ọmọ tí àǹtí rẹ̀ máa ń wá mú, ẹ mọ èyí tí dẹ́rẹ́bà ń gbé, ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ dẹ́rẹ́bà. Nígbà tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀ níwájú ilé ìwé, tí katakátá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń di àwọn kéékèèké lọ́wọ́ mú sọdá, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì ní fi wọ́n sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí ojú ẹni tó ń dúró dè wọ́n. Nígbà yẹn, mo rò pé ìwà yín lásán ni. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni, tó sì le.

Ẹ rántí ọ̀gá kan tó gbé jíìpù dúdú wá? Mo wà ní Páráímárì Fáìfù nílé ìwé yẹn nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ ló wá mú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa ń wá. Ẹ rọra sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa jókòó díẹ̀, ká pe màmá ẹ̀." Ó bú yín lójú gbogbo wa. Ó ní mégáàdì lásánlàsàn ni yín. Ẹ kò ṣí géètì. Ìgbà tí wọ́n bá màmá ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán lẹ tó ṣí i, ẹ sì kí ọkùnrin náà pé ó dàbọ̀ bí ẹni pé kò ṣe yín ní nǹkan kan.

Ẹ̀yìn òpó ni mo wà, Bàbá. Mo ṣe bí ẹni pé n kò mọ̀ yín. Lọ́jọ́ náà, n kò dúró kí a jọ rìn lọ sílé, mo ti lọ ṣáájú. Ṣé ẹ rí mi? Nígbà tí ẹ délé, tí ẹ bu ẹran inú ọbẹ̀ yín fún mi bí ẹ ti máa ń ṣe, ṣé ẹ ti mọ̀?

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Móyọ̀, mo pinnu láti kọ ìwé àdéhùn fún àwọn òbí. Mo kọ́kọ́ da èyí tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà kà á, ó ní ó dára, kí n ṣáà ti jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi fúnra mi tún un kà, ojú tì mí. Ìwé náà ní bí ọmọ bá sọnù, kì í ṣe ẹjọ́ mi. Bó bá fara pa, kò kàn mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń gbèjà èmi, kò sí èyí tó ń gbèjà ọmọ. Mo fà á ya.

Mo wá jókòó sídìí fèrèsé, mo ń bi ara mi pé kí lẹ̀yin ì bá ṣe. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tuntun pé òbí ni yóò kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè wá mú ọmọ, pẹ̀lú fọ́tò wọn, àti pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ yóò jókòó títí n ó fi bá òbí tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí ọmọ ń pè ní Dádì. Mo kọ ọ́ pé bí òbí bá pẹ́, n ó jókòó ti ọmọ náà, n kò sì ní jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára pé òun ló kù. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń bó ẹ̀pà fún ọmọ tó bá kù gbẹ̀yìn. Mo bèèrè oúnjẹ tí ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ. Mo ní a kò ní pàdé lọ́jọ́ tí òjò bá ti sọ títì di odò. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ọmọ ní kíláàsì mi, títí kan òbí rẹ̀.

Ojú ewé méjì ló gbà. Bàbá kan ní wàhálà mi ti pọ̀ jù fún kíláàsì tí kò ju yàrá kan lọ, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó dùn mí. Mo rò pé ìyá Móyọ̀ náà kò ní padà wá mọ́, ṣùgbọ́n ó wá. Ó ka ìwé náà lórí ìdúró láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó sì fọwọ́ sí i. Kò kọ orúkọ ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin náà tún dé. Móyọ̀ tún sáré dìde. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Orúkọ yín kò sí nínú ìwé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó ná."

"Àǹtí, èmi ni mo bí i o."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jókòó."

Ojú rẹ̀ yí padà. Gbogbo àwọn ọmọ ń wò wá. Mo ń dúró de èébú. Kò bú mi. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Móyọ̀ gbé ìwé rẹ̀ lọ bá a, ó ń kà á fún un. Nígbà tí bàbá náà gbìyànjú láti kà, ọmọ ló ń tún un ṣe.

Báyìí ni ìyá rẹ̀ ṣe wọlé bá wọn. Ó dúró wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kàwé. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ bá mi mú ìwé yẹn wá." Ó kọ orúkọ ọkùnrin náà sábẹ́ ti àbúrò rẹ̀, ó kọ aago tó gbọdọ̀ dá ọmọ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì na báírò sí i. Ọkùnrin náà fọwọ́ sí i láìjiyàn. Òun àti Móyọ̀ jọ lọ.

Ìyá rẹ̀ kò tíì kúrò. Ó ń wo ìwé náà. Ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ irú nǹkan báyìí.

Nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì ní Oniru, bí wọ́n bá bi mí nípa yín, mo máa ń ní ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé kan, n ó sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n rò pé tíṣà ni yín. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀ títí ẹ fi lọ.

Mo sọ fún un pé, "Mégáàdì ni bàbá mi. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ."

Ó ní kí n sọ̀rọ̀ yín fún òun. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì ń sọ.

Èmi ọmọ yín ni, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí mo wà lẹ́yìn òpó.