Òdòdó Lọ́rùn Fọ́tò Amma

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdu

Mo lọ jẹun lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ìkòkò lónìí. Sezhiyan ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, àbúrò mi tó ṣí ilé oúnjẹ sí Madurai níbí láti oṣù kẹrin, tí ò pe èmi, tí ò pe Amma, ìyá tó bí wa. Mo jókòó jẹ ìrẹsì ẹran àgùntàn nínú ìkòkò amọ̀. Ìyẹ̀fun pípò ni wọ́n fi lẹ ìdérí rẹ̀ pa, iwájú mi ni wọ́n ti ṣí i. Ó dùn. Inú bí mi pé ó dùn.

Mo gbójú sókè. Fọ́tò Amma lára ògiri. Òdòdó funfun lọ́rùn fọ́tò, fìtílà kékeré lábẹ́ ẹ̀ — bí a ṣe ṣe ti Appa, bàbá wa, gẹ́lẹ́ nígbà tí a sun òkú rẹ̀ tán.

Amma tó wà nílé mi! Tó bá mi jà nítorí iyọ̀ láàárọ̀ yìí!

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Òkúdu

Mo padà lọ, bóyá ojú mi ló ṣì mí. Ìrẹsì àná tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú nínú ìkòkò, wàrà kíkan, àlùbọ́sà kéékèèké. Ohun tí Amma fi ń bọ́ wa nígbà ìṣẹ́ nìyí o, òun ló ń tà fáwọn onímọ́tò. Mo bi obìnrin tó gbé e wá pé ta ló wà nínú fọ́tò. Ó ní, "Ìyá ọ̀gá wa ni, Àǹtí. Wọ́n ti ṣaláìsí. Àwọn oníbàárà mìíì máa ń sunkún gan-an."

Mo ti ìkòkò náà sẹ́yìn, mo dìde.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Òkúdu

Mo pe Sezhiyan lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ farabalẹ̀. Òwò ni. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìtàn ìyá tó ṣì wà láàyè?" Mo bú u títí ohùn mi fi há. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Òkúdu

Amma ní kí n mú òun lọ jẹ oúnjẹ inú ìkòkò ọmọ òun. Mo purọ́ pé wọn ò ṣí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Òkúdu

Amma ti pe kẹ̀kẹ́ Márúwá fúnra rẹ̀ kí n tó jí. Ó wọ sàrí àwọ̀ ewé, èyí tó dáa jù nínú aṣọ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo bá a lọ.

Ó ní kí wọ́n gbé ìrẹsì ẹja alájàgbọn wá. Ó rí fọ́tò. Ó ń jẹun lọ. Ni Ọ̀gá Ìkòkò bá jáde láti ilé ìdáná. Oníbàárà kan ní ìyá yìí mà jọ ti inú fọ́tò o. Ọ̀dájú yìí ò tiẹ̀ kólòlò: "Àbúrò ìyá mi ni."

Amma wò ó. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò ìyá ẹ̀ ni mí."

Ó fọwọ́. A lọ. Ǹ bá fọ́ ìkòkò yẹn mọ́ ọn lórí! Mo pariwo mọ́ Amma títí a fi délé: kí ló dé tẹ́ ẹ bo ọmọ burúkú yẹn láṣìírí? Ó ní, "Jẹ́ n gbádùn ara mi."

Ọjọ́ Àìkú, 16 Òkúdu

Ariwo omi ló jí mi. Amma lẹ́bàá kànga, tòun ti sàrí lára, ó ń da garawa omi lé ara rẹ̀ lórí, omi tútù, bí a ṣe ń wẹ̀ tá a bá ti ibi tí wọ́n ti ń sun òkú dé. Mo sáré bá a. Amma, ta ló kú?

"Sezhiyan."

Mo rò pé wọ́n ti pè é lórí fóònù ni. Ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀ ló tó yé mi. Ó ní, "Mo ti wẹ̀ ẹ́ kúrò lára. O ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀ létí mi mọ́." Ó ní kí n lọ mú aṣọ gbígbẹ wá.

Láti àná ni mo ti ń fẹ́ kó bínú. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ pé kó dárí jì í. Ọ̀gá Ìkòkò ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣé ẹja yẹn dùn mọ́ Amma. Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ti kú.