Sìgá Oníbátìrì Yín Kò Bà Jẹ́

Bọ̀ọ̀dá Àjàmú,

Ẹ má lọ sí Dùgbẹ̀ lọ bá ẹni tó ta sìgá oníbátìrì yẹn fún yín jà. Kò bà jẹ́ rárá. Mo ti ṣí i láàárọ̀ yìí kí n tó bọ́jú, ojú kan péré ni mo là.

Ti tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ní, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní, òun náà lẹ fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Tuntun yìí ní mẹ́ta. Níbi tẹ́ ẹ ti ń fi í ṣe fáàrí lánàá, ẹ tẹ àwọn kékeré méjèèjì pọ̀, ó bá tì pa. Ẹ wá ń tẹ ńlá yẹn bí ẹni ń tẹ agogo ẹnu ọ̀nà. Tó bá tún tì, ẹ di kékeré méjèèjì mú pa pọ̀, á ṣí.

Mo fà á wò díẹ̀. Èéfín ẹ̀ pọ̀ débi pé ìyá Islamiat tó wà ní yàrá kejì gbé omi wá, wọ́n ní ilé ń jó.

Àmọ́ ẹ ti pe ọkùnrin yẹn lólè lórí fóònù. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Tó bá bèèrè ẹni tó ṣí i, ẹ ní àbúrò yín tí ò kàwé ni. Ẹ má sọ pé ẹ̀yin ni o.

Mánsúrù