Ògiri Tó Ń Rin àti Pishi Tí Mo Lé Lọ

Àǹtí Sudeshna, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ará Kolkata ni mí.

Ilé bàbá bàbá mi là ń gbé. Láti ọdún tó kọjá ni ògiri yàrá wa nísàlẹ̀ ti ń rin, tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó. Pishi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló ń gbé lókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń wẹ̀ lójúmọ́, mo sì gbà pé omi ìwẹ̀ wọn ló ń ṣàn wọ ògiri wa. Mo jágbe mọ́ wọn: "Pishi, ṣé ẹja ni yín ni? Ẹ fẹ́ wó ilé lé wa lórí!" Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n gba ilé ọmọ wọn lọ ní Krishnanagar.

Oṣù méjì kọjá, ògiri ṣì ń rin. Mo pe Rahamat bíríkìlà. Ó wo òkè, ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ó bọ́ sí àgbàlá, ó fẹsẹ̀ kan símẹ́ńtì tí mo dà síbẹ̀ nítorí alùpùpù mi.

"Ta ló da èyí ga ju ilẹ̀ yàrá lọ? Gbogbo òjò tó bá rọ̀, ara ògiri ló ń dúró sí."

Ojú tì mí. A ti fọ́ símẹ́ńtì náà, ògiri sì ti ń gbẹ. Mo pe Pishi, mo jẹ́wọ́, mo bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?" Wọ́n sì pa fóònù.

Látìgbà náà, mi ò lè jókòó sójú kan. Ṣé wọ́n ti dárí jì mí ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n dúró de ìpè wọn, àbí kí n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá wọn lónìí?