Káfíńtà Tó Gba Ife Ẹkùn Lẹ́ẹ̀mẹta

Ọdún 1948 ni a bí Bàbá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà baba wọn. Àwọn ni àbíkẹ́yìn ìyá wọn, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀.

Wọ́n parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wọ́n sì dúró nídìí iṣẹ́ baba wọn. Pákó àjẹkù ni wọ́n fi gbẹ́ bátì tẹ́nìsì orí tábìlì àkọ́kọ́ wọn. Ilẹ̀kùn tí oníbàárà kò tíì wá gbé ni wọ́n fi ṣe tábìlì. Baba wọn nà wọ́n, àmọ́ oníbàárà náà gbá díẹ̀ kó tó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ.

Ní 1969, 1971 àti 1972, Bàbá gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje tẹ́nìsì orí tábìlì ti ẹkùn wa. Wàhálà dé ní 1973. Bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ télọ̀ gbá nínú àṣekágbá kan etí tábìlì lójú rẹfirí. Lójú Bàbá, kò kàn án rárá. Wọ́n gbé ife fún télọ̀. Bàbá kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ní 1975, Bàbá gbéyàwó: àbúrò télọ̀ yẹn gan-an ni. Síbẹ̀ àna méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá wa ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan sọ fún èkejì, nínú yàrá kan náà. Ife wà lọ́dọ̀ télọ̀, tábìlì ìdíje wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ̀ǹda tirẹ̀. Bí ìdíje ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn. Àwọn olúborí àtijọ́ ń darúgbó, àwọn ọmọ kò mọ bátì dì mú.

Ní 2004, ọ̀rọ̀ náà sú ìyá wa. Wọ́n pe àwọn méjèèjì sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní, “Ẹ tún bọ́ọ̀lù yẹn gbá. Ó ti sọ mí di alágbàsọ nínú ilé mi!” Télọ̀ gbá a, Bàbá dá a padà, ó wọ nẹ́ẹ̀tì. Télọ̀ ní, “Àna mi, a ò ka ìyẹn o. Ẹ tún un gbá.” Ó tún wọ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n dì mọ́ra.

Lọ́dún náà ni ife jáde, tábìlì jáde, ìdíje padà. Bàbá kó àwọn olúborí àtijọ́ jọ láti kọ́ ọmọ àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá fúnra wọn kò gba ife mọ́, ó sì dùn wọ́n díẹ̀.

Onígbàgbọ́ ni Bàbá; bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ jókòó lé yìí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Wọ́n fi ìyá wa, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sáyé lọ, pẹ̀lú àna wọn télọ̀, tí ẹkún rẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà, ọmọbìnrin, ti dé àṣekágbá ìdíje ọdún yìí. Nígbà tí àìsàn Bàbá le, ó ní òun kò ní gbá a mọ́. Bàbá ní, “Ìdíje yẹn ti dúró nítorí mi rí. Kò gbọdọ̀ dúró nítorí mi mọ́.”

Ọ̀sán òní ni yóò gbá a. Tí a bá ti kúrò ní itẹ́ òkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà sílé, ẹ bá wa kálọ sí gbọ̀ngàn ìdíje.

Bàbá, ẹ sùn dáadáa. A ti ń lọ wo ìdíje náà.