A Ti Kó Ilé-Ìwé Lọ sí Ìloro Mọ́ṣáláṣí

Ìyá mi,

Bariyat yín ló ń kí yín láti orí òkè. Ara mi le. Ẹ má gba gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà ìlú Derbent gbọ́.

Òótọ́ ni pé àwọn jagunjagun inú igbó wá sí kíláàsì mi. Shamsudin ló ṣáájú wọn, ẹni tí èmi fúnra mi kọ́ níwèé. Ó ní, "Tíṣà, ẹ lé àwọn ọmọbìnrin yìí lọ sílé. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán mi nìyẹn."

Mo ní, "Ìwọ kẹ̀? Iṣẹ́ tí mo fún ọ ṣe nílé gan-an, o kì í ṣe é."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dáná sun ilé-ìwé. Mo wọ inú iná lọ kó ìwé, mo sì rí púpọ̀ kó jáde. Lèmọ́ọ̀mù àgbà ti fún wa ní ìloro mọ́ṣáláṣí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lé wa, kó kọ́kọ́ lé òun. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé báyìí, ẹ fojú fo wúruwùru rẹ̀.

Ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá mú mi. Ẹ bá mi kí Bàbá. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi ń kí yín. Kò sí èyí tó jókòó sílé nínú wọn.