Fóònù Mi, Ohùn Ìyálé Mi, àti Àyè Mi ní Ilé Gàrí

Agbo-ilé Ọ̀jẹ̀túndé,
Ìlerò,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Gàrí Alájọṣe,
Ọ̀nà Òtu,
Ìlerò.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ WỌ́N DÁ ÀYÈ MI PADÀ NÍ ILÉ GÀRÍ, ÈMI ÀTI FÓÒNÙ MI

1. Èmi Àpọ́nlé Ọ̀jẹ̀túndé, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Ìyá Ọpẹ́olúwa, ni mo kọ ìwé yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ìwé kejì ni mo kà dé kí n tó sá kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun kò lè ka ohun tí mo kọ, ojú rẹ̀ ni kó lọ tọ́jú.

2. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, alábòójútó tí ẹ fi síbẹ̀, ti lé mi kúrò nídìí agbada tí mo ti ń yan gàrí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri pé fóònù kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́. Ó tún ń sọ káàkiri pé mo ti ń ṣarán. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló gbé mi dìde.

3. N kò ṣarán. Ẹni tó ń ṣarán, ọjọ́ ogbó ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ti ń gbàgbé ìkòkò sórí iná láti ìgbà ọmọge. Bí wọ́n bá rán mi lọ pọnmi, mo lè tẹ̀ lé labalábá wọ oko ẹlòmíràn, kí n sì padà sílé láìsí korobá. Nígbà tí mo yan gàrí jóná títí tí èéfín fi lé àwọn ewúrẹ́ jáde lágbàlá, Nọ́ọ̀sì Níkẹ́ ti ilé ìwòsàn ìlú wa mú mi lọ bá dókítà kan ní Ìṣẹ́yìn. Dókítà bi mí léèrè ọ̀rọ̀ títí, ó ní ọpọlọ mi ni kì í lè jókòó sójú kan, pé wọ́n bí i mọ́ mi ni, àti pé lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ń pè é: ADHD. Inú mi dùn. Ohun tí wọ́n ti ń torí rẹ̀ nà mí láti kékeré, àṣé ó ní orúkọ.

4. Nọ́ọ̀sì Níkẹ́ wá bá mi fi áàpù mẹ́ta sínú fóònù. Ọ̀kan ń gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, ó ń fi àwòrán hàn mí: bó ẹ̀gẹ́, fọ̀ ọ́, gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. N kò ní rí èkejì títí n ó fi tẹ̀ ẹ́ pé àkọ́kọ́ ti parí. Òmíràn ń fi àkókò hàn mí bí òṣùpá tó ń tán lọ. Ìkẹta ló máa ń pè mí bí àkókò bá tó. Òun ló dá ìjà sílẹ̀.

5. Agogo lásán kò ṣe mí ní nǹkan kan. N ó pa á, n ó sì gbàgbé ohun tó ń dún fún. Níkẹ́ ní kí á gba ohùn èèyàn sílẹ̀. Ọmọ́wùmí, ìyàwó ọmọ mi tó jẹ́ tíṣà, ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ọmọ náà ti pọ̀ jù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ kú iná. Ẹ má bínú, Mà, bí ẹ bá ráyè, ẹ bá wa fa igi jáde díẹ̀." Kó tó kí mi tán, gàrí ti jóná. Bó bá sì ṣe pé ó pàṣẹ fún mi ni, ta ni yóò dá a lóhùn? Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè pàṣẹ fún mi kí n sì dìde: ìyálé mi, Ìyá Ràsáàkì. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó dé ilé gàrí mọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le koko. Ó gbé fóònù sẹ́nu, ó ní, "Ìyàwó! Fa igi yẹn jáde kíá!" Láti ọjọ́ náà, gàrí mi kò jóná mọ́.

6. Mo gbà pé nǹkan ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọjà ku ọ̀la. Ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ń pariwo, mo bá gbé ohùn fóònù sókè dópin. Bó ṣe pe "Ìyàwó!" báyìí, gbogbo obìnrin tó wà nídìí agbada ló kúnlẹ̀. Wọ́n dáhùn pọ̀, "Mà!", wọ́n sì fa igi jáde. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ìyálé mi ṣe olórí àwọn ìyàwó ilé ládùúgbò wa pẹ́. Kò sí èyí tí ohùn yẹn kò rán níṣẹ́ rí nínú wọn. Ọmọ́tóyọ̀sí, ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun gan-an, kúnlẹ̀ sínú omi ẹ̀gẹ́ tòun ti aṣọ tuntun. Gàrí gbogbo wọn, tí kò tíì gbẹ, ṣù bí ẹ̀bà. Tèmi nìkan ló gbẹ táútáú, òun náà sì ni àwọn oníbàárà rà. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni inú ti bí wọn.

7. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun ní kí n padà wá láìmú fóònù dání. Mo dán an wò. Èédú ni mo yan. Ó wá ní kí n jókòó sílé, kí àwọn ọmọ máa bọ́ mi. Èmi! Jígí wà lójú òun náà, ẹnikẹ́ni kò ní kó bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù mi ni jígí tèmi.

8. N kò wá bá yín lọ́wọ́ òfo. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni ìyálé mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Alápàáǹdẹ̀dẹ̀, nítorí ẹyẹ náà kì í bà pẹ́. Mo kọ̀ láti jẹ́ orúkọ yìí, mo bá èèyàn jà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó jẹ́ dán an wò lójú mi. Lánàá, mo gbé fóònù fún ìyálé mi, mo ní kó fi orúkọ náà pè mí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kó tó pè é. Òun ni fóònù yóò máa fi pè mí báyìí dípò "Ìyàwó!" Kò sí obìnrin mìíràn ní Ìlerò tí yóò jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé yóò kúnlẹ̀ fún un.

9. Nítorí náà, mo bẹ yín, ẹ dá mi padà sídìí agbada mi, kí fóònù mi bá mi wọlé, kí Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun sì kó ọ̀rọ̀ arán rẹ̀ jẹ. Mo mọ̀ pé wọn yóò fi mí rẹ́rìn-ín bó bá pè. Kí wọ́n rín in. Gàrí mi kò ní jóná.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí n kò gbàgbé ẹ̀tọ́ mi,

Àpọ́nlé Ọ̀jẹ̀túndé
Ìyá Ọpẹ́olúwa níbi gbogbo;
Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ nínú ilé gàrí nìkan.